Àyè Tí Káfíńtà Fi Sílẹ̀

Ìyá Jẹ́-n-rí-i ni àwọn oníbàárà ń pe télọ̀ yìí lẹ́yìn, wọn kò sì purọ́ mọ́ ọn. Bí o bá gbé aṣọ yáàdì márùn-ún wá, yóò wọ̀n ọ́n níṣojú rẹ, yóò tún un wọ̀n nígbà tí o bá lọ tán. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run ná. "Pàǹsá kò fura, pàǹsá já iná, àjà kò fura, àjà jìn." Òwe rẹ̀ nìyẹn. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀: kò ní fi oúnjẹ kan ẹnu àfi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, òun nìkan ló sì gbà gbọ́ láyé.

Lọ́dún yìí, ẹ̀gbọ́n ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ dá. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ láìfi bò: "Wọn ò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn mọ́. Tí wọ́n bá tún fi lè ṣubú, ẹ má retí pé wọ́n á dìde." Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ilé télọ̀ wà. Yàrá abẹ́ ilé, níbi tó ń kó àpò aṣọ sí, ní ilẹ̀kùn tó jáde sẹ́yìnkùlé láìní àtẹ̀gùn kankan. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n yóò máa gbé. Àmọ́ sìmẹ́ńtì ibẹ̀ tutù nini, ó sì rí gbágungbàgun. Ó pinnu pé pákó lòun máa tẹ́ síbẹ̀.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni káfíńtà tó wá. Télọ̀ ní igi odindi lòun fẹ́. Káfíńtà mi orí.

"Ìyá, ilẹ̀ ló yí yàrá yìí ká, ọ̀rinrin ò lè jìnnà sí i. Igi odindi á lọ́ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Èyí tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní ìpele ìpele ló lè fara dà á."

Ó mú ègé kan jáde. Télọ̀ fi èékánná ha á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ka ìpele rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Páálí lo fẹ́ tà fún mi."

Ọjọ́ méjì gbáko ló fi rẹ ègé náà sínú garawa omi. Ìgbà tí kò tú ló tó gbà, tìkanratìkanra sì ni.

Káfíńtà kó pákó dé, ó tò wọ́n sínú yàrá, ó ní kí wọ́n wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí igi lè mọ yàrá. "Igi wo ló ń mọ yàrá? Ṣé àlejò ni?" Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni télọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ kà wọ́n.

Ọjọ́ iṣẹ́ pé, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ ojú mọ́ ọn. Káfíńtà tẹ́ ọ̀rá, ó ń ki pákó kan bọ inú èkejì. Nígbà tó dé ìdí ògiri, ó fi àlàfo tó tó ìka kékeré sílẹ̀ yí gbogbo yàrá ká.

"Kí lèyí? Pákó ò kan ògiri!"

"Àyè ni, Ìyá. Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Màá fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó."

Bò ó kẹ̀! Ọ̀rọ̀ tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Kí ni olóòótọ́ ń bò? Ó ṣírò ó lọ́kàn: ìka kan, ògiri mẹ́rin. Odindi pákó kan ni ọkùnrin yìí fẹ́ gbé lọ sílé! Ṣùgbọ́n bó bá bá a jà, ọkùnrin náà yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n kò sì ní í ríbi dé sí. Ó pinnu pé òun fúnra òun lòun máa dí i. Bí káfíńtà ṣe jáde lọ jẹun ọ̀sán, ó gbé àpò ègé aṣọ wá, ó kúnlẹ̀, ó fi ìdí àlùmọ́gàjí ki ègé aṣọ bọ inú àlàfo náà yíká, ó sì dí i pa gbọn-in gbọn-in. Ó wá bu lẹ́búlẹ́bú pákó lé e lórí kí ojú má tó o. Àgbà obìnrin! Nígbà tí káfíńtà padà dé, ó kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìdí ògiri láìfura.

Òjò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Ọjọ́rú, tí ẹ̀gbọ́n máa dé ní Sátidé, télọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó rí i pé pákó ti yọ ikùn láàárín yàrá. Ó tẹ̀ ẹ́, ó rì, ó tún ta padà.

"Yéè! Ó fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n mi!"

Èébú ló fi pe káfíńtà, èébú ló sì fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà wọlé, ó kúnlẹ̀. Ó yọ pákó ìdí ògiri, ó fi irin fa ègé aṣọ kan jáde, aláwọ̀ búlúù olódòdó pupa. Ó wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó wo búbà ọrùn télọ̀. Òdòdó kan náà ni.

"Ìyá, ṣé ẹ kì í fi àyè sílẹ̀ nínú aṣọ tí ẹ bá ń rán ni?"

"Aṣọ ta ni mo rán rí tí mi ò fi àyè sí? Bí oníbàárà bá sanra ńkọ́, kí la máa tú?"

"Igi náà máa ń sanra, Ìyá. Àsìkò òjò ló máa ń sanra."

Ojú ti télọ̀ débi pé kò lè gbójú sókè. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fi àyè sílẹ̀ nínú aṣọ ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa gbogbo rẹ̀ jáde. Káfíńtà ní ó di ọ̀túnla kí ilẹ̀ tó tẹ́jú padà. Kò bú u, èyí ló sì dùn ún jù.

Ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Àbúrò mi, ṣé káfíńtà yìí ò rẹ́ ọ jẹ?"

"Kò rẹ́ mi jẹ. Èmi ni mo ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, òun ló bá mi tún un ṣe."

Ẹ̀gbọ́n kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Síbẹ̀ kò wọlé.

"Láti ìgbà wo ni mo ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò fún ọ? Ó yá, ìwọ náà tọ́ èyí wò fún mi."

Télọ̀ bọ́ bàtà. Ó rìn dé ògiri kejì, ó ń fi gìgísẹ̀ tẹ gbogbo ibẹ̀, ó sì rìn padà. Ilẹ̀ náà kò mì. Ó na ọwọ́.

"Ẹ máa bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀pá ti ògiri, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé pákó.