Káàdì Ìfínkòkó àti Ife Epo

Orí mi wú lọ́jọ́ tí mo gba káàdì yẹn, n ò ní purọ́. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni mo fi jókòó sí ọ́fíìsì àgíríìkì l'Óṣogbo, tí olùkọ́ ń kọ́ wa bí a ṣe ń po oògùn tó ń pa kòkòrò ara kòkó, bí a ṣe ń bo imú, àti ohun tí a ó ṣe bó bá wọ èèyàn lẹ́nu. Nígbà náà, ní ìparí àwọn ọdún 1960, ẹni tí kò bá ní káàdì kò lè gba pọ́ńpù àti oògùn ní sítọ́ọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa n'Íbòkun.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò lọ. Ó ní òun ti ń fín kòkó kí n tó mọ ṣòkòtò í wọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi ìwé kọ́ òun? Nítorí náà, èmi fi káàdì gba pọ́ńpù, òun gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Olùkọ́ ti kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó ni káàdì ni kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fín oògùn. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ wí? Bàbá wa ti kú, ẹ̀gbọ́n mi yìí ló tọ́ mi dàgbà.

Kò tíì fín ogún igi tí ẹnu pọ́ńpù fi dí. Ó yọ ọ́, ó pòṣé, ó sì gbé e sẹ́nu. Mo rí i. Omi àti koríko tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń là á, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Ṣùgbọ́n alágbàṣe méjì wà lóko pẹ̀lú wa, ojú sì ń tì mí láti kọ́ ẹ̀gbọ́n mi níṣẹ́ lójú wọn. Ó fà á, ó tutọ́. Ó tún fà á, ó sì gbé oògùn mì.

Ká tó gbé e dé ahéré, ó ti ń bì, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ tó ń dáná níbẹ̀ sáré bu epo pupa sí ife. Ta ni kò mọ̀ pé epo ló ń ṣẹ́gun májèlé? Epo ni ìyá tèmi náà fi ń rọ̀ ọ́ fún wa ní kékeré. Àmọ́ olùkọ́ ti gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta sọ fún wa pé ti oògùn yìí yàtọ̀: a ò gbọdọ̀ fún ẹni tó bá gbé e mì ní epo, a ò gbọdọ̀ fún un ní wàrà, ọ̀rá inú wọn ló ń gbé oògùn náà wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Mo di ife náà mú.

"Ọkọ mi, ṣé ẹ fẹ́ kí ọkùnrin yìí kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni?"

Àwọn alágbàṣe ń wò mí bí apànìyàn. Bó bá kú, èmi tí mo gba epo lẹ́nu rẹ̀ ni gbogbo ilé yóò máa pè ní ikú rẹ̀. Mo da epo náà sílẹ̀.

A gbé e dé títì, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé wa lọ sí ọsibítù n'Íléṣà. Eyín rẹ̀ ti pa dé lójú ọ̀nà, ara rẹ̀ le gbagidi, ìyàwó rẹ̀ sì ń ṣépè fún mi títí a fi dé. Kò jẹ̀bi. Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Ẹ fún un lépo?" Mo ní rárá. Ó ní Ọlọ́run ló yọ wá.

Ọjọ́ kẹta ló tó lajú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tún dúró jẹ́ẹ́ mọ́, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a de bọ́tìnnì títí dòní. Èmi dá káàdì padà l'Óṣogbo.

Lọ́dọọdún ni ìyàwó rẹ̀ ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo kan wá fún mi. Á kúnlẹ̀, á ní èmi ni mo gba ọkọ òun lọ́wọ́ ikú. Inú a máa bí mi, sí ara mi ni. N ò tíì sọ fún un pé mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ nígbà tó gbé ẹnu pọ́ńpù sẹ́nu, mo mọ ohun tó yẹ kí n wí, mo sì pa ẹnu mọ́.