Àgbọ̀n Gbohùngbohùn

Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bàtà, kò sí òṣìṣẹ́ tó fẹ́ràn ọ̀gá wọn. Gbohùngbohùn ni wọ́n ń pe obìnrin náà lẹ́yìn, torí bó ti wù kí ẹ̀rọ pariwo tó, ohùn rẹ̀ á borí rẹ̀. Ìyẹn ò dùn ún. Ohun tó ń dùn ún ni bí wọ́n ṣe máa ń na àgbọ̀n síwájú láti fi sín in jẹ. Láti kékeré ni eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti yọ síwájú ju tòkè lọ, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló sì fi ń jẹun.

Nígbà tó yá, ó gba ọ̀dọ̀ dókítà eléyín lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, iwájú etí mi níbí máa ń dún kẹ́kẹ́ tí mo bá yán."

Dókítà ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. "Bí eyín bá ti pàdé dáadáa, á lọ." Ó so wáyà tó ń fa eyín sípò mọ́ tirẹ̀ lókè nísàlẹ̀.

Kò lọ o. Bó bá jí láàárọ̀, orí á máa fọ́ ọ, etí á máa ta á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á le gbagidi.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" ni ọkọ rẹ̀ wí. "Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, n ò ráhùn. Àbí ẹlòmíì lò ń tún ẹnu ṣe fún?"

"Má bá mi sọ̀rọ̀." Ó sì pa eyín mọ́ eyín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ká ọkùnrin kan tó ń lẹ bàtà mọ́ ibi tó ti lẹ àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ òsì mọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó la ẹnu gbàgà. "Ìwọ olódo yìí, ìyá tó bí ẹ..."

Nǹkan dún pàó. Àgbọ̀n yẹ̀, ẹnu ò padé mọ́. Ó fọwọ́ tì í títí, pàbó. Itọ́ ń ṣàn sí aṣọ rẹ̀.

"Ẹ parí ẹ̀, ọ̀gá," ni alẹ̀bàtà wí. "Ẹ ti dé ọ̀dọ̀ ìyá mi."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tiẹ̀ pa ẹ̀rọ kó lè ráyè rín in dáadáa. Ọ̀gá fi ìborí bo ẹnu, ó sì fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn tòun ti omijé.

Dókítà obìnrin kan níbẹ̀ ki àtàǹpàkò méjèèjì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó tẹ àgbọ̀n wálẹ̀, ó tì í sẹ́yìn, ó sì bọ́ sípò. "Oríkèé yìí ti ń ṣàìsàn kí wáyà tó dé. Ṣé ẹ máa ń lọ eyín pọ̀ lójú oorun?"

"Ẹ bi ọkọ mi. Ó ní òun ò rí oorun sùn."

Ó padà sọ́dọ̀ dókítà àkọ́kọ́. Kò gbọ́dọ̀ pariwo, àmọ́ jẹ́jẹ́ tó fi sọ ọ́ korò ju ariwo lọ. "Mo sọ fún yín."

"Wáyà kọ́ ló fà á."

"N ò ní wáyà ló fà á. Mo ní mo sọ fún yín, ẹ ò wò ó." Dókítà nawọ́ mú irinṣẹ́ kó lè fún wáyà náà le sí i. Obìnrin náà gbá ọwọ́ dókítà dànù, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Dókítà obìnrin yẹn ló gba ìtọ́jú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ wáyà dúró ná, ó fún un ní ike tí yóò máa fi sáàárín eyín sùn, ó sì fi oúnjẹ líle dù ú. Ìrora rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Eyín ò tíì pàdé dòní.

Ọjọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ìka ló fi pe alẹ̀bàtà.

"N ò gbàgbé ẹ̀rín yẹn," ló wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Èmi náà ò gbàgbé ìyá mi, ọ̀gá." Ó na bàtà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ sí i.

Obìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò nínú lóde. Ó dára. Ó rọra dá a padà fún un.