Ẹni Tó Ń Pe Àmọ̀kẹ́ Nínú Yàrá

Bí o bá sọ fún Rosaline pé òjò ń rọ̀, yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ gba ojú fèrèsé kó tó gbà ọ́ gbọ́. Bó ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Fúláàtì tó wà lókè tèmi ló ń gbé, ní kílóòsì wa ní Festac, àwọn ọkọ wa méjèèjì sì jọ ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ tèmi ti lọ sọ́run. Tirẹ̀, Bàbá Adédìran, wà láyé, ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹni tí kò bá mọ Bàbá Adédìran tẹ́lẹ̀ ò lè mọ bí èyí ṣe dùn wá tó. Òun ló máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn rẹ̀ a sì dé ẹnu géètì láìlo ẹ̀rọ. Láràárọ̀ ni mo máa ń gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ tó ń pe ìyàwó rẹ̀: "Àmọ̀kẹ́!" Rosaline a sì dáhùn láti ilé ìdáná: "Mo ń bọ̀ o!" Oríkì rẹ̀ ni Àmọ̀kẹ́. Màmá Káyọ̀dé ni gbogbo wa ń pè é, ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń pe oríkì yẹn. Láti ìgbà àìsàn náà, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ mọ́, ohun tó sì ń pa á lẹ́kún jù nìyẹn.

Káyọ̀dé, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń ṣiṣẹ́ ní Pọ́táákọ́. Ó ní kí Stella ìyàwó òun kó wá sọ́dọ̀ àwọn òbí òun, kó máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Alákijà ni wọ́n ti tọ́ Stella dàgbà. Ó ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi gun àtẹ̀gùn, ó ń fọ aṣọ, ó ń nu itọ́ ẹnu Bàbá, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni Rosaline kọ́kọ́ fura sí.

"Ta ló ń nu itọ́ tó ń rẹ́rìn-ín?" ó bi mí. "Ó ní nǹkan tó ń wá."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọbẹ̀ ọmọ náà wò nìyẹn kí ọkọ rẹ̀ tó jẹ ẹ́. Ọbẹ̀ náà dùn. Ìyẹn tún bí i nínú.

Lọ́sàn-án, bí Rosaline bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níwájú kílóòsì, níbi tó ti ń ta omi tútù, Stella á ti ilẹ̀kùn yàrá Bàbá pa. Lọ́jọ́ kan, Rosaline rí àjókù àbẹ́là nínú ike ìdọ̀tí. Bẹ́ẹ̀, iná ò lọ lọ́sẹ̀ náà rárá. Mo ní bóyá wọ́n fi gbàdúrà ni.

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo?" ló fi dá mi lóhùn. "Ṣé àwa máa ń tan àbẹ́là ni?"

Ó tún wọlé lójijì lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Stella ki nǹkan kan bọ abẹ́ ìrọ̀rí, Bàbá kọjú sí ògiri, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Èmi tí mò ń fi Rosaline ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, Rosaline sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi.

"Ó ń pe orúkọ mi."

"Ta ni?"

"Stella. Àmọ̀kẹ́, Àmọ̀kẹ́, léraléra, nínú yàrá tó tì pa. Mo sì ń gbóòórùn àbẹ́là."

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ jòjòló tó bá nílé ọkọ lórúkọ, áḿbọ̀ǹtórí ìyá ọkọ. Tí ìyàwó bá wá tan àbẹ́là, tó tilẹ̀kùn, tó ń fi oríkì pe ìyá ọkọ, kí ni ẹ fẹ́ ká rò?

"Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani," ni Rosaline wí. Ó ti di ẹrù Stella sínú báàgì, ó ti gbé e sí ẹnu àtẹ̀gùn. Lónìí yìí ni ọmọ náà máa lọ. Èmi ló ní kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí.

A bọ́ bàtà, a gun òkè. Òróró àdúrà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, kọ́kọ́rọ́ kejì tí yàrá Bàbá ní wà lọ́wọ́ kejì. A gbọ́ ohùn Stella: "Ẹ fẹ́ ẹ, Dádì. Ẹ fẹ́ ẹ kó kú." Ó tún ní: "Ó yá. À... mọ̀... kẹ́."

Rosaline ṣílẹ̀kùn.

Bàbá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, àbẹ́là wà níwájú rẹ̀ nínú agolo mílíìkì. Dígí kékeré ló wà lọ́wọ́ Stella. Ọmọ náà sáré kúnlẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú! Àǹtí tó ń kọ́ Dádì lọ́rọ̀ sísọ ní ọsibítù ló ní kí wọ́n máa fẹ́ àbẹ́là, kí èémí wọn lè lágbára, kí wọ́n sì máa wo ẹnu wọn nínú dígí. Káyọ̀dé ló sọ orúkọ yẹn fún mi. Òun ni Dádì fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, torí tẹ́ ẹ bá ti ń sunkún, ẹnu wọn á tún dì."

Ẹ mọ Rosaline. Kò gbà á gbọ́. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ṣé òótọ́ ni?"

Bàbá yanu. "À..." Itọ́ dà. "À... mọ̀..." Ó há síbẹ̀. Ó tún un ṣe, ó tún há, ó sì yíjú sí Stella pé kó ran òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Stella fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ta ni yóò pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ lójú ìyá náà?

Rosaline gbé òróró sílẹ̀. Ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó fi etí ìró nu itọ́ náà.

"Pè é," ó sọ fún Stella.

"Mọ́mì?"

"Mo ní kó o pe orúkọ mi, kí bàbá ẹ lè rí nǹkan tẹ̀ lé."

Stella pè é. Mo lọ gbé báàgì ọmọ náà wọlé láti ẹnu àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn mi ni Bàbá wà nígbà tóun náà pè é. Ó pẹ́ kí "kẹ́" tó gbẹ̀yìn tó jáde, ṣùgbọ́n ó jáde. Mo sì gbọ́ tí Rosaline, tó jókòó tì í gbágbáágbá, dáhùn bí ẹni pé inú ilé ìdáná ló wà: "Mo ń bọ̀ o!"