Mùjíbátù Fi Ìdí Lé Páálí Ìyá

Ẹ má bá Mùjíbátù jà. Gbogbo Erúnmu ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Agbèrò kan fà á ní gèlè rí ní Alákìá. Omi tútù ni wọ́n fi jí agbèrò náà. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá rí i lọ́nà mọ́ṣáláṣí, tó ń rọra rìn bí ìyàwó àná, ẹ ó ní kò lè pa eṣinṣin.

Ní ọdún 1969, ilé iṣẹ́ ìwádìí àgbàdo kan létí ọ̀nà Erúnmu ló ti ń gbálẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀, tó tóbi tó àká àgbàdo, tó sì ń pariwo ju ẹ̀rọ ìlọta lọ. Páálí pẹlẹbẹ ni ẹ̀rọ náà ń jẹ. Ọ̀gá Akínwándé, ọmọ Onítẹ̀bọmi tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti Ìyànà Ọ̀fà, ló ń lu ihò sí wọn, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, láti fi sọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ máa ṣe. Ẹ̀rọ á gbé wọn mì, á túmọ̀ wọn sí èdè tirẹ̀, á wá pọ páálí mìíràn síta tí ihò kún ara wọn bí asẹ́. Ti ọ̀gá ni wọ́n ń pè ní páálí ìyá. Ti ẹ̀rọ, páálí ọmọ.

"Ìyá Yésúfù," ni ọ̀gá sọ fún un lọ́jọ́ tó gbaṣẹ́, "ẹ máa sun àwọn ọmọ nírọ̀lẹ́, kí ti àná má baà dà pọ̀ mọ́ ti òní. Ẹ̀rọ lè bí òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá jóná, iṣẹ́ ọdún méjì ti lọ nìyẹn. Wọ́n á ti ibí pa, gbogbo wa á sì lọ sílé."

"Ọ̀gá, ta ló fẹ́ pa ìyá?"

Àpótí kan ṣoṣo ló gba gbogbo ìyá. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òjò ò jẹ́ kí iná ràn, àwọn ọmọ sì ga dé ojú fèrèsé. Ọ̀gá ṣì ń ráhùn nípa òkìtì náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ìbọn dún lẹ́nu géètì.

Àwọn àgbẹ̀ tí owó orí ti sú ni. Wọ́n ti gbọ́ pé ìjọba ń ka orí àwọn ọkùnrin sínú ẹ̀rọ náà, pé ihò kan, orí kan. Wọ́n la kùmọ̀ mọ́ Àjàní onígéètì lórí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sára ògiri funfun. Wọ́n ya wọlé tàdátàdá. Ọ̀gá Akínwándé ti bọ́ sínú àgbá omi lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ṣá kọ̀ǹpútà bí ẹni ń ṣá ejò, wáyà tú síta bí ìfun.

Mùjíbátù kò sá. Ó fi ìdí lé àpótí ìyá, ó tẹ́ ìró bò ó.

Ìyàndá, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ṣíwájú wọn. Ìyàwó ilé kì í pe irú wọn lórúkọ. Eyínmẹ́nugún ni Mùjíbátù sọ ọ́ lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ, torí eyín rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ bí ti ọmọ ọba.

"Ìyàwó, dìde níbẹ̀!"

"Eyínmẹ́nugún ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣebí orí lẹ wá sun?" Ó nawọ́ sí òkìtì páálí ọmọ. "Ẹ wo ihò lára ìyẹn! Erúnmu nìkan pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n ti ka Lálúpọn mọ́ ọn."

Ìyàndá gbé ọ̀kan sókè sí ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì yọ lójú ihò rẹpẹtẹ. "Yéè! Ẹ wo bí wọ́n ṣe kà wá!"

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ síta, wọ́n da kẹrosíìnì sí i, iná sọ lala. Mùjíbátù fi etí gèlè bo ẹ̀rín mọ́ ẹnu: iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan tó wọ̀ ọ́ lọ́rùn ni wọ́n ń bá a ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n Ìyàndá padà wá. Ó mọ ìyàwó ilé wọn. Bí Mùjíbátù bá ń fi ọ̀yàyà pín ẹran, èyí tó dáa ti wà nísàlẹ̀ ìkòkò.

"Kí ló wà lábẹ́ rẹ?"

"Ìdí mi ni."

Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Ìyàndá ò rẹ́rìn-ín. Ó fọ́ ọ létí, ojú Mùjíbátù ṣókùnkùn. Ó di àpótí mú, ó ń fà á, àdá ọwọ́ rẹ̀ kejì sì ya Mùjíbátù lápá. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọ inú àpótí. Ni obìnrin yìí bá dìde, ó fi orí kàn án lẹ́nu, kò! Eyín méjì iwájú bọ́ sílẹ̀. Kí Ìyàndá tó mọ̀, ó ti gùn ún láyà, ó ń gbá orí rẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì.

"Ìyàndá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ lo wá jẹ́ kó nà ẹ́!" ni ẹnì kan kígbe.

Kí wọ́n tó là wọ́n, ọkọ̀ ọlọ́pàá dé, wọ́n ń yìnbọn. Ọkùnrin kan ṣubú sínú iná páálí. Wọ́n fà á jáde tòun taṣọ tó ń jó. Gbogbo wọn fọ́n ká sínú oko kòkó.

Ọ̀gá yọ jáde, omi ń ro tótó lára rẹ̀. "Ìyá Yésúfù! Ìyá dà?"

"Èyí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni, àbí èyí tó wà nínú àpótí?"

Ojú tì í. Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya, ó fi di apá obìnrin náà kó tó ṣí àpótí. Ẹ̀jẹ̀ ti rin àwọn ti òkè, ṣùgbọ́n ihò wọn ò bàjẹ́.

Ilé iṣẹ́ ò ní ilẹ̀kùn mọ́. Mùjíbátù ru àpótí lọ sílé. Ìyàndá ló bá lórí bẹ́ǹṣì, ẹnu rẹ̀ wú, ọkọ Mùjíbátù ń fi omi oníyọ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́ bù ú. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ àpótí.

"Ìyàwó, kí ló tiẹ̀ wà níbẹ̀ gan-an?" ni Ìyàndá béèrè.

"Àgbàdo."

Ó wọ yàrá, ó ti àpótí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ tó kù fún un gbé ọmọ odó, ó jókòó, ó sì kọjú sí ilẹ̀kùn.