Èèpo Iṣu Lẹ́bàá Ààlà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ogun abẹ́lé kò tíì pẹ́ tó parí, bí ọyẹ́ bá ti dé sí abà wa lẹ́yìn Ṣakí, ojú òkè là ń wò. Kì í ṣe òtútù là ń bẹ̀rù o, ìnàkí ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ rò pé eré ni, àbí? Bí omi inú àpáta bá gbẹ, tí èso igbó tán, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ̀ọ́wọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ jókòó yá oòrùn bí àwọn àgbààgbà, wọ́n á máa ṣọ́ abà. Bí wọn kò bá rí nǹkan jẹ, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti jẹun lẹ́ẹ̀kan, wọ́n di onílé níbẹ̀ títí òjò yóò fi rọ̀.

Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi ṣòfin pé èèpo iṣu kò gbọdọ̀ sùn níta. Bí ìyá mi bá bẹ iṣu tó fẹ́ fi ṣe ẹ̀lùbọ́ tán, ilẹ̀ la ó gbẹ́, a ó ri èèpo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọkùnrin tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà kò ka ìyẹn sí. Ọ̀lẹ ni, n ò ní purọ́. Ẹ̀bá ààlà, nítòsí ibi tí a kó èbù wa sí lábẹ́ igi, ló ní kí àwọn ará ilé rẹ̀ máa da èèpo sí. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Ẹ̀rín ló ń rín, ó ní ẹranko Ọlọ́run ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ. Ẹ ò rí ìkà! Ó ti kó èbù tirẹ̀ pamọ́ sílé nílùú, ó wá ń fi tẹlòmíràn ṣàánú.

Èbù yẹn ni iṣu tí a ó gbìn. Bó bá lọ, iṣu ọdún tó ń bọ̀ ti lọ nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, gbogbo wa lọ kírun nílùú. Kí a tó dé, ìnàkí ti jẹ èèpo tán, wọ́n ti tú koríko tí a fi bo èbù. Èyí tí wọn ò jẹ, wọ́n gé e já, wọ́n sọ ọ́ nù. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ṣa èyí tó kù.

Ọkùnrin náà wá kí wa.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ wá kọ ebè fún mi, n ó fún yín ní èbù."

Bàbá mi dúpẹ́. Ó dúpẹ́ o! Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ló fi kọ ebè fún ẹni tó ba tirẹ̀ jẹ́. Èmi ni mò ń gbé omi lọ fún un, inú sì ń bí mi. Ó ń bí mi títí dòní.

Ayé ti yí padà. Ìbọn àti iná igbó ti lé ìnàkí kúrò lórí òkè, ilé ló kún ibi tí abà wa wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin tó kọ́lé tì mí da ìdọ̀tí sẹ́yìn ọgbà mi, eku sì wọ inú àgbàdo mi. Mo lọ bá a. Ó ní kí Màmá má bínú, eku lásán ni.

Mo kó ìdọ̀tí náà padà, mo dà á sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bàbá mi ì bá dúpẹ́ ni.