Àpò Ajílẹ̀ Tó Fẹ́ Gun Òkè

Èmi tí mo ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn ilé ara mi lónìí, ẹ má wò mí báyìí o, mo ti gun òkè rí. Ó kù díẹ̀ kí àwọn ọdún 1980 parí nígbà náà, tíṣà sì ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa tíṣà mélòó kan máa ń gun òkè nígbà ìsinmi. Obìnrin kúkúrú kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí ọmọ odó, ni ọ̀gá wa. Lọ́dún yẹn, ó ní òkè ńlá kan lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù ló kàn, a ó sì gbé oúnjẹ àti omi wa sẹ́yìn. Ó wá wojú mi.

“Ìwọ, n kò ní tún bá ọ ru ẹrù mọ́ o.”

Àpò tí mo gbé lọ tẹ́lẹ̀ ló ń sọ. Àpò sójà ni, mo rà á lọ́jà òkìrìkà, irin wà lẹ́yìn rẹ̀ bí irin bẹ́ẹ̀dì. Ní agbedeméjì òkè, ṣe ni wọ́n pín ẹrù mi rù. Òfin ọ̀gá wá kúrú bíi tirẹ̀: òun yóò fi ìka ọmọńdinrin gbé òfìfo àpò kálukú. Ẹni tí àpò rẹ̀ bá tẹ ìka òun, kó jókòó sílé.

Mo ní lágbára Ọlọ́run, èmi kọ́ ni yóò jókòó sílé.

Mo padà sí ọjà òkìrìkà. Èyí tó fúyẹ́, mo fà á díẹ̀, ó ya. Èyí tí kò ya wúwo bí ọmọ tó ti ń jẹ iyán. Ọ̀nà Ìresà ni mo ti rí ohun tí mo ń wá. Àgbẹ̀ kan di iṣu sínú àpò ajílẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ń gbọ̀n lójú ọ̀nà gbágungbàgun, àpò kò ya. Mo tọrọ òfìfo méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n títí, òórùn ajílẹ̀ kò lọ tán.

Ta ni yóò wá rán an tí okùn èjìká kò fi ní já? Mo wọkọ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, lọ́dọ̀ bàbá oníṣọ̀nà awọ kan, aládùúgbò àbúrò ìyá mi, tó ń ṣe tìmùtìmù fún àwọn ilé ńlá.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi fi àpò ajílẹ̀ méjì yìí rán àpò àgbékọ́ tí mo fẹ́ fi gun òkè. Kó ṣáà ti fúyẹ́.”

“Tíṣà, ta ló ń lé ọ tí o fi fẹ́ gun òkè?”

Nígbà tí mo padà lọ gbà á, n kò rí àpò ajílẹ̀ mọ́. Bàbá ti fi awọ pupa àti dúdú bò ó, ọnà lórí ọnà. Ó rẹwà débi pé gbogbo ilé jáde wá wò ó. Mo gbé e kọ́ ìka ọmọńdinrin mi. Ìka tẹ̀ bí ẹni ń kí ọba.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú awọ yìí.”

“Kí n tú kí ni? Kí wọ́n rí àpò ajílẹ̀ lẹ́yìn rẹ, kí wọ́n ní èmi ni mo rán an? Láti ayé bàbá mi, àpò kan kì í jáde nílé yìí láìlọ́nà.”

“Kò sẹ́ni tí yóò bèèrè lórí òkè, bàbá.”

“Ọ̀bọ ńkọ́?”

Àbúrò ìyá mi tó bá mi wá ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìborùn nujú. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sórí tìmùtìmù, mo ní n kò ní dìde. Bàbá kírun ọ̀sán, ó padà bá mi níbẹ̀. Ó kírun alásàárì, mo ṣì wà níbẹ̀. Ó kùn, ó mú ọ̀bẹ, ó tú u. Awọ tó tẹ́ èjìká nìkan la fi sílẹ̀, kí okùn má baà jẹ mí lára.

“Ọnà kan á kù o,” ó ní.

“Kó kéré, bàbá.”

Ó gé ọnà kan tí kò ju èékánná lọ, ó rán an sí abẹ́ okùn èjìká.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ọ̀gá gbé àpò mi kọ́ ìka. Ìka dúró gangan. Ó gbé imú sún mọ́ ọn, ó fà á sẹ́yìn kíá.

“Ṣé àgbàdo lo fẹ́ lọ gbìn sórí òkè ni?”

“Ọ̀gá, ṣé ìka tẹ̀?”

“Kò tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gbogbo wa ni wàá máa rìn.”

Ẹ̀yìn náà ni mo rìn títí dé ṣóńṣó, kò sì sẹ́ni tó bá mi ru nǹkan kan. Ọ̀bọ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n wo àpò mi dáadáa, wọn ò bèèrè ẹni tó rán an.