Ọjọ́ Tí Mo Lu Ìyá Ìjọ

Tùràrí àti kápẹ́ẹ̀tì tó rin ni òórùn ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ni a yá lẹ́yìn àdúgbò Thames View nílùú òyìnbó níbí, òjò a sì máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn irin wọlé. Àwa aláṣọ funfun kì í wọ bàtà nínú ilé Ọlọ́run, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òtútù ilẹ̀ a gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi gun òkè dé ìbàdí, níbi tí ìrora ti kọ́lé sí láti ìgbà tí mo ti ń gbé àwọn arúgbó dìde lẹ́nu iṣẹ́ kéà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo ti jẹ́rìí. Ara mi fúyẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ni mo bá jó lọ síwájú ìjọ, mo ní Ọlọ́run ti wò mí sàn pátápátá. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti jẹ́rìí kò tún gbọdọ̀ ní àìsàn náà mọ́, kí wọ́n má baà ní ó purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀yìn mi ní ilé ìwòsàn ti kìlọ̀ pé ọjọ́ tí ara bá dá gan-an ni kí n ṣọ́ra, kí n pín iṣẹ́ sí kéékèèké, kí n sinmi kó tó rẹ̀ mí. Ṣé mo gbọ́! Mo fi oògùn mi pamọ́ sẹ́yìn àpò ìrẹsì, mo gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì to gbogbo àga. Agídí mi kì í ṣe kékeré.

Lọ́jọ́ Sunday yẹn, bí mo ṣe kúnlẹ̀ báyìí, ó dé, àfi bí ẹni fi àáké la ìbàdí mi. Itan mi gan. Mo gé ètè ara mi jẹ títí ẹnu mi fi kún fún ẹ̀jẹ̀, kí ẹ̀rí mi má baà bàjẹ́, àmọ́ igbe ṣì jáde. Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Òun ló gbà mí sílé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé. Mi ò ní ìyá mìíràn nílùú yìí.

“Ẹ̀mí àìsàn náà ti padà wá! Ẹ dì í mú!” ló pariwo.

Obìnrin méjì di apá mi mú, ẹnì kan ń fa ẹsẹ̀ mi kó lè nà. Ìyá Ìjọ fi imọ̀ ọ̀pẹ na ìbàdí mi, ó tún nà án, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ibẹ̀ gan-an.

“Mọ́mì, please, ẹ má fọwọ́ kàn án!”

Ariwo àdúrà bo ohùn mi. Mi ò mọ bí ọwọ́ mi kan ṣe já gbà. Agogo àdúrà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé e, mo fi gbá Ìyá Ìjọ lẹ́nu, mo sì tún gbé e sókè. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, mo fẹ́ pa á ni. Ẹ̀jẹ̀ ta sára sùtánà rẹ̀. Ọkùnrin kan ti na ọwọ́ láti gbá mi létí, ni Ìyá Ìjọ dí i. “Ẹ fi í sílẹ̀,” ló ní. Ó tu eyín kan sí ọwọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wà nínú fúláàtì mi. Mo padà sí oògùn àti ìgò omi gbígbóná. Mo rìn dé fèrèsé, mo sinmi, mo tún rìn, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ìrora náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìtìjú kò rọlẹ̀. Ọmọ tó lu ìyá rẹ̀, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un? Lọ́jọ́ karùn-ún, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé Ìyá Ìjọ ní Eastbury. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, mo sì fẹ́ kúnlẹ̀.

“Má kúnlẹ̀ jàre, kí ìbàdí ẹ má tún lọ bẹ̀rẹ̀.” Ètè rẹ̀ ṣì wú. Ó jókòó, ó ká aṣọ kúrò lórí orúnkún ọ̀tún. Orúnkún náà wú rìbìtì bí orí ọmọ tuntun. “Ṣé o lè bá mi call GP? Mi ò mọ bí mo ṣe máa explain ẹ̀.”

Mo pe ọ́fíìsì dókítà rẹ̀. Akọ̀wé béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, mo sì bi Ìyá Ìjọ. Ó wolẹ̀.

“Sọ pé nine years. Mo ti jẹ́rìí lórí ẹ̀ nígbà yẹn.”

Omi bọ́ lójú mi. Akọ̀wé ní báwo ló ṣe ń dùn ún tó. Mi ò tún bi í léèrè, mo ṣàlàyé rẹ̀ láti inú ara tèmi. Látìgbà náà, bí tèmi bá ti ń yọ́ bọ̀, mo máa ń pè é, bí tirẹ̀ bá ń bọ̀, òun náà a pè mí, ẹni tó bá gbọ́ kó gbọ́. Ọlọ́run ò bẹ̀ wá rí pé ká bo òun láṣìírí.